Kí Ẹ Tó Tú Gíábọ́ọ̀sì Ọ̀kadà Àtijọ́

Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a óò rí ìfun rẹ̀. Ẹni tó bá ti tú gíábọ́ọ̀sì ọ̀kadà rí yóò mọ̀ pé òwe náà kò ní àsọdùn nínú. Wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lórí ọ̀pá gíà tó jẹ́ pé bí ó bá bọ́ sílẹ̀ tí a kò rí i, ẹ́ńjìnnì tí a ti pa dé tán yóò tún di títú.

Ẹni tó ní ọ̀kadà tó ti dàgbà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá Honda CG125, tó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe nílé. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń ba gíábọ́ọ̀sì jẹ́ kì í sábà jẹ́ ọjọ́ orí. Ìkánjú ni, yálà ti ẹni tó ń gùn ún tàbí ti ẹni tó tú u kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tú ni kò ní àìsàn kankan. Bí gíà kò bá fẹ́ wọlé, tó ń han, tí ẹ kì í sì í rí fíríì nígbà tí ẹ bá dúró, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ di ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mú. Ó yẹ kí orí rẹ̀ rìn lófìfo bíi mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Bí ó bá rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì kò ní já tán, gíà yóò sì máa bá a jà. Bí kò bá rìn rárá, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọ̀kadà ò ní lọ. Kò sí èyí tó kan gíábọ́ọ̀sì nínú méjèèjì.

Tíṣà kan ní àdúgbò wa ti ń wá owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kiri nítorí wọ́n sọ fún un pé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti lọ. Pẹ́dà gíà ló ti jẹ lẹ́nu. Eyín inú rẹ̀ ti tán, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ń tẹ pẹ́dà, ọ̀pá tó yẹ kó yí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń tẹ nǹkan. Pẹ́dà tuntun ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn kan wà lódìkejì tí wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Gíà kejì ń fò jáde bí wọ́n bá ti ru ẹrù gun òkè, wọ́n ń pààrọ̀ ṣéènì. Bí gíà bá ti wọlé dáadáa, tó sì ń já ara rẹ̀ padà sí fíríì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ẹrù, inú ni ọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá tú ọ́ìlì tí ẹ rí èérún irin nínú rẹ̀. Ẹ sẹ́ ọ́ìlì náà gba orí aṣọ funfun, kí ẹ sì fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré wá inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì kò burú fún ọ̀kadà tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ní igun, tó ń gún ìka, bá jáde, ẹ má tún gùn ún mọ́ títí ẹ óò fi mọ ibi tó ti wá.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀. Lára ọ̀kadà ńláńlá kan, bíi àwọn BMW àtijọ́ ti Jámánì, àpótí ọ̀tọ̀ ni gíábọ́ọ̀sì jẹ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. A lè yọ ọ́ lọ́tọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má mọ̀. CG125 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ni gíà wà, lẹ́yìn kíráńkì, ọ́ìlì kan náà ló sì ń fọ pístìnì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíà. Àfi kí a gbé odindi ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀, ká yọ orí àti bárẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ká sì là á sí méjì lóòró. Nígbà tí Honda gbé e jáde ní 1976, orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà ti burú, tí sáfíìsì kì í sì í déédéé, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo ọ̀pá láti ti fáàfù dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn èèyàn wá gbọ́ ìyẹn bíi pé a lè fi ọ́ìlì rẹ̀ ṣeré. Kò ní fílítà oníbébà rárá. Asẹ́ wáyà kan àti abọ́ kan tó ń yí lórí kíráńkì, tó ń gbá ìdọ̀tí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ni gbogbo ìmọ́tótó tó ní. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ha inú abọ́ yẹn. Mo ti rí èyí tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ le débi pé súkúrúdíráfà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹ tó tú bólítì kan, ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì odindi ẹ́ńjìnnì, síìlì ọ̀pá ṣéènì, ti kíìkì àti ti pẹ́dà gíà, pẹ̀lú sákílíìpù tuntun. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn á rí i ní ọjà Àrárọ̀mí ní Gate. Ẹ gbé síìlì tí ẹ fẹ́ rà dání kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀: èyí tó bá ti gan nínú ọ̀rá kò wúlò, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Irinṣẹ́ mẹ́ta kan wà tí iṣẹ́ yìí nílò. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ń fa mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lápá òsì ẹ́ńjìnnì yọ. Òòlù kò lè ṣe é, bí ẹ bá lù ú, kíráńkì lẹ ń lù. Èkejì ni súkúrúdíráfà tó bá ẹnu ìdè Japan mu, èyí tí a ń fi òòlù gbá lórí kó lè yí, nítorí súkúrúdíráfà lásán yóò jẹ orí ìdè náà tán. Ẹ̀kẹta ni ti nọ́ọ̀tì àárín kílọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì yìí kò ní igun mẹ́fà, ihò mẹ́rin ló wà létí rẹ̀, sípánà lásán kò sì lè mú un. Ẹ wo nọ́ọ̀tì yìí dáadáa bí ẹ bá ṣí ìdérí apá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ ṣísù lórí rẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó wọ ibẹ̀ ṣáájú yín. Wẹ́dà tó gbọ́n lè fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ gé eyín mẹ́rin fún yín, owó rẹ̀ kò sì tó owó nọ́ọ̀tì àti ọ̀pá tuntun.

Ní ti títú gan-an, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ tú ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ yọ wáyà bátìrì, sàlẹ́ńsà, kábúrétọ̀, wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti ṣéènì, kí ẹ wá tú àwọn bólítì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù. Ẹ pe ẹnì kejì kó bá yín gbé e. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ ìta rẹ̀ kí ẹ tó ṣí inú, kì í ṣe bẹntiróò, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ tàbí iná ìdáná bá wà nítòsí. Ẹ ya àwòrán ìdérí ẹ́ńjìnnì sórí páálì, ẹ lu ihò yí i ká, kí ẹ sì máa ki bólítì kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀. Wọn kò gùn dọ́gba. Bí ẹ bá fi gígùn sí ibi kúkúrú, yóò gún ara ẹ́ńjìnnì ní inú.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ibi tí òwe yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ìgbà tí a bá fẹ́ la ẹ́ńjìnnì sí méjì, lẹ́yìn tí orí, bárẹ́ẹ̀lì, mágínẹ́ẹ̀tì ńlá àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá ti kúrò. Ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá a jẹ́jẹ́ yíká. Bí kò bá là, ẹ dúró, ẹ wá bólítì tó ṣẹ́kù, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ṣẹ́kù nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ki súkúrúdíráfà bọ àárín láti fi ṣí i ti dá ọgbẹ́ sí ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jókòó lé. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ́ìlì kò ní yéé kán sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀.

Nígbà tó bá là, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò. Ẹ wá gbá ọ̀pá gíà méjèèjì, àwọn fọ́ọ̀kì tó ń ti gíà àti dúrọ́ọ̀mù tó ń darí fọ́ọ̀kì mú pọ̀, kí wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ń yọ gíà kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá, ẹ máa fi wáyà kan so wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, wáṣà láàárín wọn, ojú kan náà lókè.

Eyín tó yí gíà ká kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, àwọn kùkùté tó ń há mọ́ gíà kejì kí wọ́n lè jọ yí. Igun wọn gbọ́dọ̀ mú. Bí igun náà bá ti yọ̀ róbótó bí ọṣẹ tí a ti lò dé ìdajì, gíà yẹn ló ń fò. Gíà méjèèjì tó ń há mọ́ra lẹ óò sì pààrọ̀, torí àtijọ́ yóò tètè jẹ tuntun. Ẹ wo ẹnu fọ́ọ̀kì tó ń tì í. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, iná ti mú un, ẹni tó ń gun ọ̀kadà náà máa ń gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà gíà bó ṣe ń lọ. Bí fọ́ọ̀kì bá wọ́, ẹ má na án. Ẹ ra òmíràn. Ẹ fọ bẹ́ríìnì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi ìka yí i: bí ìka yín bá gbọ́ ẹyọ iyanrìn kan nínú rẹ̀, ó ti parí. Sákílíìpù tí ẹ bá ti yọ, ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kó dára tó lójú.

Kí ẹ tó pa á dé, ẹ to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ máa fọwọ́ yí ọ̀pá bí ẹ ti ń yí dúrọ́ọ̀mù. Gbogbo gíà gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n sì jáde. Èyí tó bá kọ̀ lórí tábìlì kò ní gbà lójú títì.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ń sọ ti gọ́ọ̀mù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí ojú tó mọ́ kò fẹ́ gọ́ọ̀mù púpọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́yọ síta ni ẹ̀yin ń rí, ìlàjì rẹ̀ wà nínú, yóò já, yóò sì lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Bólítì kéékèèké tó yí ẹ́ńjìnnì ká náà kò fẹ́ agbára. Alumíníọ́mù ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ mú wọn le díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Ẹni tó bá ní sípánà tó ń ka agbára, Newton-mita 10 ló tó fún bólítì tí ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6.

Ọ́ìlì ọ̀kadà ni kí ẹ rọ sí i. Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ kan ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ mọ́ irin, kílọ́ọ̀ṣì yín sì wà nínú ọ́ìlì náà. Ẹ wá JASO MA lára agolo, àmì tí àwọn ará Japan gbé kalẹ̀ ní 1998 fún irú kílọ́ọ̀ṣì yìí gan-an. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ tún tú ọ́ìlì náà, bó ti wù kó mọ́ tó, kí ẹ sì sẹ́ ẹ gba orí aṣọ funfun bí ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí irin tó ní igun níbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.