“Ẹ Má Pa Iná Mọ́”: Súìṣì Àtijọ́, Gílóòbù Onífóònù àti Iná Méjì Tó Wà Nínú Iná

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, gbólóhùn kan tí àbúrò bàbá mi sọ lórí fóònù láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà ààwẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: “Màmá, ẹ má pa iná mọ́. Iná á máa pa ara rẹ̀.”

Màmá àgbà, tí wọ́n wà nílé wa ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi pé, “Kí ló ń sọ? Kí n má pa iná, kí n wá sùn sínú iná?”

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá dìde láti gbọ́ oúnjẹ sààrì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n kọsẹ̀ níbi àtẹ̀gùn kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì gbalẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà wú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dì í. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù tí àbúrò bàbá mi rà ránṣẹ́ kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ wà lókè orí wọn gan-an. Aago mẹ́rin ìdájí ló yẹ kó tàn fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ pé NEPA ló mú iná lọ o. Sólà ló ń gbé iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Wi-Fi ilé wa. Gílóòbù kò tàn nítorí pé Màmá ti pa á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, níbi tí wọ́n ti ń pa iná láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ìyẹn lára súìṣì.

Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ iná ilé máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ni àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lé, mo sì ti ń tẹ̀lé bọ̀dá oníná kan káàkiri Kúta pẹ̀lú ìwé àti bírò, débi pé àwọn kan rò pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí. Òun ló bá wa wá ojútùú sí i. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kan wáyà, ó sì kan iṣẹ́ tiwa náà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́rin yìí: Iná ń jó nínú ààrò. Wọ́n ti mú iná lọ. Iná gbé e. Ẹ pa iná yàrá yẹn. Iná àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi ń dáná. Iná kejì àti ìkẹta ni agbára tó ń gba inú wáyà kọjá. Ìkẹrin ni ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù ń tàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀tọ̀ ni agbára, ọ̀tọ̀ ni ìmọ́lẹ̀, kí ó dán ọ̀rọ̀ náà wò bí wọ́n ṣe kọ́ wa: “Iná wà, ṣùgbọ́n n kò tan iná.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí yóò ní mo ń tako ara mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ méjì ló ní.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan. Wutar lantarki ni Hausa ń pe iná mọ̀nàmọ́ná, wuta sì ni iná ààrò. Ọkụ àwọn Igbo náà ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà pàápàá ti wọ ẹgbẹ́ náà: ẹni tó bá ní “there is no light” ní ọ̀sán gangan kò sọ pé oòrùn kò ràn. Ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀, ọdún 2005 ni orúkọ yẹn kúrò nílẹ̀, láti ọdún 2013 sì ni iṣẹ́ pínpín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, bí iná bá dé ní Kúta, “Up NEPA!” ni àwọn ọmọdé ń pariwo, kódà bí kò bá sí gílóòbù kankan tó tàn. Iná inú wáyà ni wọ́n ń kí káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá iná rìn náà yẹ ní wíwò. A ń tan iná, a ń pa iná. (Ẹ̀yin ọdún kìíní, ẹ má jẹ́ kí àkọtọ́ tàn yín jẹ: olóhùn ìsàlẹ̀ ni tàn, ohùn rẹ̀ ń di àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e ni, bí rà ṣe ń di ra nínú “ra iṣu”. “Mo tàn án” ló ń tú àṣírí rẹ̀.) Bí mo bá tan iná, iná á tàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa iná, iná á kú. Ohun tí a bá sì pa, tó kú, kò tún ní gbọ́ ìpè. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tó jẹ́ súìṣì àtijọ́ nìkan la ní, pọ́nna tó wà nínú “pa iná” kò pa ẹnikẹ́ni lára. Súìṣì tí a mọ̀ ń já wáyà ni. Ní ọdún 1884, ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Henry Holmes ṣe súìṣì kan tó ń já kíákíá kí iná má baà máa ta pàrà láàárín irin méjèèjì, ìran rẹ̀ ló wà lára ògiri wa títí di òní, tó ń ró “tóò!” bí a bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ró, agbára inú wáyà kò dé ọ̀dọ̀ gílóòbù mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì lọ. Iná méjèèjì kú papọ̀, kò sì sẹ́ni tó nílò láti bèèrè èwo la pa.

Gílóòbù onífóònù ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Rédíò kékeré kan wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń fetí sílẹ̀ sí fóònù tàbí sí àkókò tí a yàn fún un. Nígbà tí àbúrò bàbá mi bá fi fóònù “pa á”, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lọ, rédíò ṣì ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀, kò tó wáàtì kan. Nígbà tí Màmá bá pa á lára súìṣì, rédíò náà kú. Bí wọ́n bá tẹ fóònù ní Peckham di ọ̀la, “Offline” ni yóò máa kọ.

Mo gbà pé mo ti rí oògùn rẹ̀, torí pé èdè ni mo kọ́. Mo jókòó ti Màmá, mo ní gílóòbù yìí kì í kú, ó ń sùn ni. “Ẹ jẹ́ kó máa sùn, ẹ má pa á.” Ó yé wọn dáadáa. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń sùn yẹn, ṣé ó ń jẹun?” Mo ní ó ń jẹ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló ń ra káàdì iná?” Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ “tóò!” láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi sẹ́lótéèpù bo súìṣì. Àlejò kan yọ ọ́ kúrò kí ó lè tan iná. Ẹ má bá àlejò wí. Ohun tó wà lára ògiri fún títẹ̀, títẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni mo pe bọ̀dá. Èrò mi ni pé kí ó yọ súìṣì àtijọ́, kí ó fi súìṣì onífóònù sí ojú ibẹ̀. Ó pa iná láti méènì, ó sì tún pa ti sólà, nítorí pé ilé tí iná ti wọlé lọ́nà méjì, pípa ọ̀kan kò tó. Ó fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tú súìṣì. Wáyà méjì péré ló wà níbẹ̀, pupa kan àti dúdú kan.

Mo yọ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ilé àtijọ́. (Nínú wáyà ìgbàlódé, búráùn àti búlúù ni.) Bọ̀dá mi orí. “Dúdú yìí kì í ṣe níútírà o. Òun ni láìfù tó ń padà lọ sókè.” Bí wọ́n ṣe ń fa wáyà nílé wa, tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òkè àjà ni láìfù àti níútírà máa ń gbà. Wáyà kan mú láìfù sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí súìṣì, èkejì gbé e padà lọ bá gílóòbù. Níútírà kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Àwọ̀ kan náà, ibi tó wà ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì ka àwọ̀ láìka ibi tó wà lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ó mú mi rántí iye ìgbà tí wọ́n ti fa ìlà pupa sí ìwé mi nítorí pé mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìwo àyíká rẹ̀. Tèmi, ìlà pupa nìkan ló dá.

Súìṣì onífóònù nílò níútírà nítorí pé rédíò tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹun nígbà tí gílóòbù bá wà ní pípa. Irú èyí tí kò nílò níútírà wà. Ó ń jí iná díẹ̀ gba inú gílóòbù kọjá, ṣùgbọ́n gílóòbù LED kékeré lè máa ṣẹ́jú tàbí kó máa tàn fírí lóru, àyàfi bí wọ́n bá so kapásítọ̀ kékeré mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ń lọ yá níútírà láti ara súkẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí. Bọ̀dá kọ̀ jálẹ̀: níútírà sólà àti ti NEPA kò gbọdọ̀ dàpọ̀.

Ohun tó ṣe ni pé ó gun òkè àjà lọ, níbi tí láìfù àti níútírà ti jọ wà, ó so relay kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ mọ́bẹ̀, ó sì fi gílóòbù LED lásán, oníwáàtì 9, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gílóòbù onífóònù lọ sí pálọ̀. Wáyà méjì tó lọ sídìí súìṣì àtijọ́ kò gbé iná lọ bá gílóòbù mọ́. Ojú tí wọ́n ń pè ní S lára relay ló so wọ́n mọ́. (Iná ṣì lè wà lára wọn, torí náà ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.) Bí Màmá bá tẹ súìṣì, kò já ohunkóhun, ó kàn ń sọ fún relay pé “tàn án” tàbí “pa á” ni. Fóònù ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láti Peckham. Bí Wi-Fi bá sì lọ, súìṣì ara ògiri ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù tí n kò bá má rí bí n kò bá wo ọwọ́ Màmá. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà ní títàn. Lọ́dọ̀ wa, bí súìṣì bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ó tàn. (Ní Amẹ́ríkà, òkè ni.) Bí relay náà ṣe dé, gbogbo ìgbà tí súìṣì bá ti yí, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, ni yóò yí iná padà, ìka Màmá kò sì rí ohun gidi kà mọ́. Ìlànà kejì wà nínú áàpù rẹ̀ tí yóò jẹ́ kí relay máa tẹ̀lé ipò súìṣì: sísàlẹ̀ títàn, òkè pípa. Èyí la yàn. Bí aago mẹ́rin bá lù, yóò ṣì tàn fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn, ìka àti ìmọ́lẹ̀ kò ní bára mu, Màmá sì ti mọ̀ ọ́n sí iná sààrì.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nílé, kí ó pe oníṣẹ́ iná. Kí ó tún wo ohun tí gílóòbù onífóònù máa ń ṣe bí iná bá lọ tó sì padà dé. Èyí tó wà ní pálọ̀ wa kò sí lórí sólà. Aago méjì òru ni NEPA mú iná dé lọ́jọ́ kan, ó sì tàn wàà, gbogbo ilé jí. Nínú áàpù, ẹ lè yàn pé kí ó wà ní pípa tàbí kí ó padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀.

Nínú ìwé mi, bọ̀dá pe wáyà tó ń padà lọ sókè yẹn ní “wáyà àbọ̀”. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pè é ní “súìṣì wáyà”. Bí ẹ bá mọ ohun tí wọ́n ń pè é ní ìlú tiyín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sì sọ orúkọ ìlú náà.