Ìgò Paracetamol Méjì Lórí Ọmọ Kan

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé oṣù 14, kìló 9 ló wọ̀n. Ara rẹ̀ gbóná janjan lóru Sátidé tó kọjá. Paracetamol olómi tí mo máa ń fún un ti tán, àfi ìgò kékeré tí a fi ń kán oògùn sí i lẹ́nu nígbà tó wà lọ́mọ oṣù méjì. Mo fẹ́ wọn 5ml bí mo ṣe máa ń ṣe, ni ìyá ọkọ mi bá ní kí n dúró, kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé kì í ṣe oògùn kan náà ni? Bí ara rẹ̀ bá sì tún gbóná lẹ́yìn wákàtí méjì, ṣé mo lè fún un sí i?
Ìyá Ire, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Ire. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n sọ.

Oògùn kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ agbára wọn ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ paracetamol olómi tí wọ́n ń tà nílẹ̀ wa ní 120mg nínú 5ml. Ìgò kékeré tí à ń kán ní tirẹ̀ sábà máa ń ní 100mg nínú 1ml péré, torí ọmọ ọwọ́ ò lè gbé oògùn púpọ̀ mì. Tí ẹ bá wọn 5ml nínú rẹ̀, 500mg lẹ fún un yẹn, odindi hóró kan tí àgbàlagbà ń lò. Bí ẹ bá tún un ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́, ó lè ba ẹ̀dọ̀ ọmọ jẹ́.

Bí ọmọ ṣe wọ̀n tó la fi ń mọ iye oògùn rẹ̀, kì í ṣe bí ara ṣe gbóná tó: 10mg sí 15mg fún kìló kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ yín, 90mg sí 135mg ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ló jẹ́ kí 5ml inú ìgò ńlá bá a mu, tó sì jẹ́ pé nǹkan bí 1ml ni ti ìgò kékeré. Èyí tó ní 250mg nínú 5ml náà wà lórí àtẹ, nítorí náà ẹ ka ara ìgò nígbàkígbà tí ẹ bá ra tuntun. Sírínjì tàbí ife kékeré tó bá a wá ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ilé ò dọ́gba. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí láti bí ọdún kan, ẹ dà á nù.

Ní ti wákàtí méjì, rárá o. Ó kéré tán, kó pé wákàtí 4, wákàtí 6 ló tilẹ̀ dáa jù, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ara gbígbóná kọ́ ni àrùn, ara ló ń bá àrùn jà. Kí ara lè tu ọmọ la ṣe ń lo paracetamol. Bó bá ń ṣeré, tó ń mu ọmú, tó sì ń tọ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ fún un rárá. Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀, ẹ máa fún un lómi. Ẹ má fi omi tútù nini wẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti oògùn ọ̀fìnkìn. Paracetamol wà nínú àwọn kan lára wọn. Ìyá á fún ọmọ ní paracetamol, á tún fi ti ọ̀fìnkìn lé e, láìmọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti lò ó. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ó pọ̀ jù, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń bì. Ọmọ lè máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú àwọn ìgò náà. Láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ni aporó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù.

Aspirin kì í ṣe tọmọdé. Ibuprofen náà ò dáa fún ọmọ tó ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, torí kíndìnrín rẹ̀.

Bí ibà bá mú ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni tààrà. Ti Ire, bí ara rẹ̀ bá ṣì gbóná lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dá a dùbúlẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.