Àròkọ Aṣàlàyé: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Pè Ní Lẹ́ńsì Macro?

Àròkọ aṣàlàyé ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ni ó máa ń sá fún un. Wọn a ní ó le, wọn a sì sáré lọ mú àròkọ asọ̀tàn. Ṣùgbọ́n mọ̀ dájú, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, pé bí o bá mọ ohun tí o fẹ́ ṣàlàyé ní àmọ̀dunjú, àròkọ yìí kò le rárá.

Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà tí ó máa ń kó olùdánwò sí pàkúté. Òun ni èyí tí ó béèrè pé, "Kí ni a ń pè ní nǹkan báyìí?" Àṣìṣe mẹ́ta ni a máa ń rí nínú ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa yin nǹkan náà dípò kí wọ́n sọ ohun tí ó jẹ́. Àwọn mìíràn a kọ gbólóhùn kan bí ti ìwé atúmọ̀-èdè, wọn a sì dákẹ́. Àwọn ẹ̀kẹta a sọ ohun tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ ohun tí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Rántí pé ìtumọ̀ dà bí ààlà oko. Ó gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó wà nínú oko hàn, kí ó sì fi ohun tí ó wà lóde hàn pẹ̀lú.

Ka ìbéèrè àti ìlapa èrò ìsàlẹ̀ yìí dáadáa kí o tó ka àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Kọ àròkọ lórí "Ohun tí ó yẹ kí a pè ní lẹ́ńsì macro nínú fọ́tò yíyà."

ÌLAPA ÈRÒ
(a) Ìfáàrà: orúkọ kan náà wà lára ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì, ewu tí ó wà nínú rẹ̀.
(b) Ibi tí orúkọ náà ti wá.
(d) Ìwọ̀n tí a fi ń mọ̀ ọ́n: àwòrán àti ohun gidi.
(e) Ibi tí àríyànjiyàn wà: ìdajì tàbí odindi?
(ẹ) Bí a ṣe ṣe é yàtọ̀ sí lẹ́ńsì mìíràn.
(f) Àwọn ohun tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun.
(g) Ìgúnlẹ̀: bí ènìyàn ṣe lè dán an wò fúnra rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì macro rí. Bí o bá dé ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò fọ́tò, o lè rí lẹ́ńsì púpọ̀ tí wọ́n kọ "macro" sí lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀kan lè ṣe, òmíràn kò lè ṣe ìdajì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí. Ayafọ́tò ni wọ́n. Ní àkókò tí gbogbo ayé ṣì ń lo fíìmù, kòkòrò kan dà sí oko kòkó ìdílé wa. Ó ń fa omi ara èso mu, àwọn èso náà sì ń dúdú. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní kí wọ́n ya fọ́tò kòkòrò náà wá, kí òun lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ̀ nípa kòkòrò. Wọ́n kó owó tí wọ́n ti ń tọ́jú jáde, wọ́n fi ra lẹ́ńsì kan tí a kọ "macro" gàdàgbà sí lára. Wọ́n ya odindi fíìmù kan. Kòkòrò tí ó gùn tó mìlímítà 8 nínú oko kò ju mìlímítà 2 lọ lórí fíìmù. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ lójú sórí bébà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe bàìbàì sí i. Èsì tí ó padà wá ni pé kò sí ẹni tí ó lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹ́. Kí wọ́n tó rí lẹ́ńsì tí ó tó iṣẹ́ náà yá, ìkórè ọdún náà ti bàjẹ́. Títí di òní, wọ́n a máa sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kọ sára lẹ́ńsì ni ó gba owó àti kòkó lọ́wọ́ àwọn.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà wá túmọ̀ sí? Láti inú èdè Gíríìkì ni "macro" ti wá, ohun tí ó gùn tàbí tí ó tóbi ni ó sì ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1899 ni W. H. Walmsley dá a lábàá pé kí a ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún fọ́tò ohun kékeré tí a kò sọ di ńlá tó ìlọ́po mẹ́wàá, kí a má baà dà á pọ̀ mọ́ èyí tí a fi máíkírósíkóòpù yà. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà náà, ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa sísún mọ́ nǹkan lásán.

Ìwọ̀n náà kò ṣòro láti lóye. A ó wo bí àwòrán nǹkan ṣe tóbi tó lórí fíìmù tàbí lórí sẹ́nsọ̀ tí ó rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà òde òní, a ó sì fi í wé bí nǹkan náà ṣe tóbi tó gan-an. Iye ti àwòrán ni a máa ń kọ ṣáájú. Ká ní kòkòrò kan gùn ní mìlímítà 12. Bí àwòrán rẹ̀ lórí fíìmù bá gùn ní mìlímítà 12, ọ̀kan sí ọ̀kan nìyẹn, a ó kọ ọ́ ní 1:1. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 6, ó di 1:2. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 3, ó di 1:4. Má ṣe rò pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 1:1 àti 1:4 kéré. Níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ní gígùn tí ó sì ní ìbú, àyè tí kòkòrò náà gbà lórí fíìmù ní 1:4 kò ju ìdá kan nínú 16 èyí tí ó gbà ní 1:1. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ kòkòrò inú oko wa sọnù sí.

Níbo ni kí a wá fa ààlà sí? Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò gbà pé lẹ́ńsì tí ó bá lè dé 1:1 fúnra rẹ̀ ni lẹ́ńsì macro láìsí iyèméjì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú lẹ́ńsì yìí kò dúró sójú kan. Makiro-Kilar ti Kilfitt, tí ó jáde ní 1955, ní oríṣi méjì: ọ̀kan dé 1:2, èkejì dé 1:1. Lẹ́ńsì mìlímítà 55 tí Nikon ṣe ní 1961 dé 1:1. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1963 kò kọjá 1:2, àfi bí a bá fi òrùka mìlímítà 27.5 kún un. Canon náà ṣe lẹ́ńsì mìlímítà 50 kan ní 1987 tí a kọ "macro" sí lára, 1:2 ni òun náà mọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹ̀tàn ni ìwọ̀nyí, nítorí iṣẹ́ ìtòsí ni a dìídì ṣe wọ́n fún. Àwọn tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni lẹ́ńsì sún-un-síwá-sún-un-sẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá nǹkan bí 1:4, tí a sì kọ "macro" sí wọn lára nítorí pé wọ́n lè sún mọ́ nǹkan díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Orúkọ nìkan kò sì lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nikon kì í kọ "macro" sára lẹ́ńsì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí. "Micro" ni wọ́n ń kọ, nítorí pé èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1956 wà fún yíya ìwé sórí fíìmù kékeré, níbi tí àwọn àmì ìkọ̀wé Japan tí ó díjú ti gbọ́dọ̀ hàn kedere. Nítorí náà, lẹ́ńsì kan lè jẹ́ orúkọ yìí kí ó má ṣe iṣẹ́ náà, òmíràn sì lè ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ́ orúkọ yìí.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀n, ọ̀nà tí a gbà ṣe é ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú lẹ́ńsì tí a ń lò lójoojúmọ́ ni a ṣètò awò inú wọn kí wọ́n lè ríran dáadáa sí ohun tí ó jìnnà. Bí a bá fi ipá mú wọn sún mọ́ nǹkan, etí àwòrán lè máa ṣe bàìbàì nígbà tí àárín rẹ̀ mọ́. Lẹ́ńsì macro kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ìtòsí ni a gbé sọ́kàn nígbà tí a ń ṣe é. Bí a bá fi ya ojú ìwé tàbí sitáǹpù tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó gbọ́dọ̀ hàn kedere.

Àwọn ohun kan jọ lẹ́ńsì macro tí wọn kì í ṣe òun. Túùbù tí kò ní awò nínú, tí a ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, lè gbé lẹ́ńsì mìlímítà 50 dé nǹkan bí 1:1 bí túùbù náà bá gùn tó mìlímítà 50. Awò kékeré tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì náà ń ṣèrànwọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òrùka tí a fi ń yí lẹ́ńsì sẹ́yìn síwájú. Gbogbo ìwọ̀nyí lè ya fọ́tò macro, wọ́n sì dára fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n a kò lè pe lẹ́ńsì tí a fi wọ́n ràn lọ́wọ́ ní lẹ́ńsì macro. Ẹni tí ó gun àkàbà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ènìyàn gíga.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Fóònù ńkọ́?" Ìbéèrè náà bọ́ sí i. Láti 2021 ni iPhone 13 Pro ti lè ya ohun tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sí ojú lẹ́ńsì rẹ̀. Sẹ́nsọ̀ fóònù kéré púpọ̀, nítorí náà àwòrán orí rẹ̀ lè má dé 1:1, síbẹ̀ kí kòkòrò kún ojú fóònù bámúbámú. Fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ó sàn kí a béèrè bí ibi tí ó yà ṣe fẹ̀ tó ju kí a máa jiyàn lórí 1:1 lọ.

Ní ìparí, ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́ńsì tí ó yẹ kí a pè ní macro ni èyí tí a dìídì ṣe fún ohun ìtòsí, tí ó sì lè dé 1:1 láìsí ìrànlọ́wọ́. Èyí tí ó dé 1:2 súnmọ́ ọn, a sì lè fi ìtàn gbà á láyè. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì tí ń sún mọ́ nǹkan lásán ni. Bí o bá fẹ́ ra ọ̀kan, mú rúlà dání. Sún lẹ́ńsì náà mọ́ ọn títí dé ibi tí ó lè ríran kedere mọ, kí o sì ya rúlà náà. Nínú kámẹ́rà tí fíìmù tàbí sẹ́nsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 36, bí o bá ka mìlímítà 36 láti etí kan dé èkejì, 1:1 ni. Bí o bá ka 72, 1:2 ni. Bí o bá ka 144, rántí oko kòkó wa, kí o sì fi owó rẹ pamọ́ sí àpò.

ÀKÍYÈSÍ

1. Òwe méjì péré ni ó wà nínú àròkọ yìí, ọ̀kan ní ìfáàrà, ọ̀kan ní ìgúnlẹ̀. Iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni to igi ìdáná.

2. Ìtàn oko kòkó kò gùn ju ìpínrọ̀ kan lọ. Bí ìtàn bá gba àròkọ aṣàlàyé mọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti di àròkọ asọ̀tàn nìyẹn, ìwọ yóò sì pàdánù máàkì.

3. Òǹkọ̀wé gbà pé àríyànjiyàn wà lórí 1:2, ó sì sọ ìdí rẹ̀ kí ó tó dájọ́. Ẹni tí ó fi ẹ̀rí ẹnìkejì pamọ́ kò tíì ṣàlàyé.

4. Nǹkan wà tí òǹkọ̀wé lè kọ tí kò kọ. Fún àpẹẹrẹ, bí a bá fa lẹ́ńsì síwájú títí ó fi dé 1:1, ìmọ́lẹ̀ tí ń dé fíìmù máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdámẹ́rin, ibi tí ó hàn kedere lára kòkòrò sì lè má ju mìlímítà kan lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò béèrè bí a ṣe ń lo lẹ́ńsì. Ohun tí ó jẹ́ ni ó béèrè.

ÌDÁNRAWÒ

1. Fa ìlà sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ó sọ ohun tí kì í ṣe lẹ́ńsì macro nínú àròkọ òkè yìí. Mélòó ni o rí?

2. Ewé kan gùn ní mìlímítà 20. Àwòrán rẹ̀ lórí fíìmù gùn ní mìlímítà 5. Kọ ìwọ̀n rẹ̀, kí o sì fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé bóyá ó yẹ kí a pe lẹ́ńsì tí kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní macro.

3. Ṣe ìlapa èrò fún ọ̀kan nínú àwọn orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o sì kọ àròkọ lé e lórí: (a) Ohun tí ó yẹ kí a pè ní aṣọ òkè, (b) Ta ni a lè pè ní ọmọlúàbí? (d) Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlú àti abúlé.