Ìkarahun Inú Etí

Ẹni tí ó bá ń rìn létí òkun ní Àgbádárìgì kò ní ṣàì rí ìkarahun nínú iyanrìn. Òmíràn yípo dáadáa. Òmíràn kéré, kò sì tíì yí tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni inú etí ọmọ ènìyàn rí. Nínú eegun orí ní ẹ̀gbẹ́ etí, ihò kékeré kan wà tí ó rí bí ìkarahun ìgbín, tí ó yípo lẹ́ẹ̀mejì àtààbọ̀. Omi wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìró ti ń di iṣẹ́ tí iṣan etí ń jẹ́ fún ọpọlọ.

Kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta ni ìkarahun yìí ti máa ń yí tán. Bí ohun kan bá dí i lọ́wọ́, bí ó ti rí nígbà náà ni yóò wà títí ayé. Ní ọdún 1791, Carlo Mondini, oníṣègùn ará Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, kọ̀wé nípa etí ọmọdékùnrin adití kan tí ó ti kú: ẹ̀ẹ̀kan àtààbọ̀ péré ni ìkarahun tirẹ̀ yípo. Nínú ọmọ 5 tí a bí ní adití nítorí àléébù inú etí, nǹkan bí ọmọ 1 ni eegun inú etí rẹ̀ kò pé.

Ní Paris ní ọdún 1957, André Djourno àti Charles Eyriès fi iná mànàmáná ta iṣan etí adití kan jí. Lóde òní, oníṣẹ́-abẹ a máa ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìkarahun náà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá dà bí ti ọmọ Bologna yẹn pàápàá lè jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìkarahun rárá, wáyà kò níbi tí yóò wọ̀; bí kò bá sì sí iṣan, kò sí ẹni tí yóò jíṣẹ́. Bí ògiri tí ó pààlà láàárín etí àti omi ọpọlọ bá ní ihò, omi náà lè tú jáde nígbà iṣẹ́ abẹ, àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọ awọ ọpọlọ. Iṣan tí ń darí ojú pẹ̀lú lè ti yà kúrò ní ipa rẹ̀. Bí abẹ bá kàn án, ẹnu lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nítorí náà, kí a tó mú abẹ, a gbọ́dọ̀ ya àwòrán: ọ̀kan yóò fi eegun hàn, èkejì yóò fi iṣan hàn. Bí a bá da omi síwájú, a ó tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìlù Sátò àwọn Ògù bá ń dún kíkankíkan tí ọmọ ọwọ́ kò ta gìrì, ẹ má ṣe pè é ní èèdì. Ẹ gba ìyá rẹ̀ níyànjú kí ó tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, nítorí ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń kọ́ èdè jù lọ. Ọmọ tí wáyà kò bá sì ṣeé fi sí létí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ ní èdè ọwọ́, kí òun náà lè bá wa sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀.