Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí A Tún Ṣe, Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Wa

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdá-ọdún yìí dá lórí ẹ̀yáwó fún ríra ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹnì kan tún ṣe, tí ó wá ń dán bí ẹni pé àná ni ó jáde. Kí akọ̀wé kà á sókè ní ìpàdé, kí ẹ sì jíròrò lé e lórí, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àgbàlagbà wo ni ó wà ní ọ̀nà Ìdó sí Ìkọ̀lé tí kò mọ Peugeot 504? Ọdún 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Èyí tí ó gùn, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ni àwọn awakọ̀ wa fi ń na Èkó àti Ìbàdàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ Pininfarina ní ìlú Turin, ní Ítálì, ni ó ya àwòrán ara 504, àwọn kan náà tí ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Ferrari. Láti 1969 títí di 1983 ni wọ́n sì ń kan ara 504 mìíràn fúnra wọn ní Turin: onílẹ̀kùn méjì, tí ó kúrú, tí ó sì rẹlẹ̀. Ọkọ̀ eré nìyẹn. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi onílẹ̀kùn méjì tí ó ní ẹ́ńjìnì V6 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, ó sì tún fi gba ipò kìíní nínú ti Bandama ní Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà.

Ẹni tí ó bá ń ta irú rẹ̀ yóò sọ pé, "Iṣẹ́ Ítálì ni, owó rẹ̀ yóò máa gòkè ni." Òótọ́ ni pé ọkọ̀ Ítálì àtijọ́ ń pa owó. Ní 2018, wọ́n ta Ferrari 250 GTO kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 48 dọ́là àti ọ̀kẹ́ àìmọye lé e. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 36 péré ni wọ́n ṣe irú rẹ̀, ìtàn eré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sá sì wà nínú ìwé. 504 onílẹ̀kùn méjì ju 20,000 lọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Ítálì nìkan gba owó lọ́wọ́ yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni abẹ́ ọ̀dà. Ara ọkọ̀ yìí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti dógùn-ún, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó jẹrà. Àwọn kan a fi nǹkan funfun tí ó ń gan dí ihò, wọn a fi yanrìn bó o, wọn a sì kùn ún. Ẹ mú òòfà kékeré lọ́wọ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, irin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kí ẹ sì lọ wò ó ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe nírọ̀lẹ́ tàbí lẹ́yìn òjò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ́ńjìnì kò fi bẹ́ẹ̀ le. Púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ bá ti 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin mu, mẹkáníìkì wa sì mọ̀ ọ́n. Gíláàsì, iná iwájú àti páálí ara rẹ̀ ni ìyọnu: wọn kò bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu rárá. Bí gíláàsì iwájú bá fọ́ ní Ìfàkì, níbo ni a ó ti rí òmíràn? Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó dá owó.

Ní ti ìwé, kí nọ́ńbà ṣásì àti ti ẹ́ńjìnì tí ó wà lára irin bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní láti òkè òkun ni ó ti dé láìpẹ́ yìí, ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nítorí òfin wa kò fàyè gba kíkó ọkọ̀ àlòkù tí ó ti dàgbà jù wọlé.

Ó kan ẹ̀yin onígbọ̀wọ́ báyìí. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦400,000 nílẹ̀, tí a sì yá a ní ìlọ́po méjì, ₦800,000, láti san ní ogún oṣù. ₦40,000 lóṣooṣù nìyẹn, kí èlé tó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kò lè kó èrò, nítorí náà kò ní san gbèsè ara rẹ̀; owó oṣù tàbí kòkó ni yóò san án. Bí kò bá rí i san, owó àwọn onígbọ̀wọ́ méjèèjì ni a ó yọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ohun tí ó wù ú. Ohun tí a ń sọ ni pé kí onígbọ̀wọ́ bá a lọ wo ọkọ̀ náà, kí ẹgbẹ́ sì mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ó di apá kan mú títí ìwé yóò fi kúrò lórúkọ ẹni tí ó tà á? Kí akọ̀wé kọ ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò sí, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa.