Ìlú Olórí Mẹ́jọ

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìtàn Àgbádárìgì fi òtítọ́ òwe yìí hàn.

Àdúgbò mẹ́jọ ni ó para pọ̀ di ìlú náà, olúkúlùkù sì ní olóyè tirẹ̀: Àkran ni olórí Jegba, Posu ni ti Posukoh, Mobee ni ti Boekoh. Ní ayé òwò ẹrú, àwọn olóyè ní òyìnbó tí olúkúlùkù ń bá ṣòwò. Nígbà tí Richard Lander dé ibẹ̀ ní ọdún 1830, ó bá àdúgbò tí a ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ti Faransé. Ètò yìí ní èrè tirẹ̀, nítorí ó ṣòro fún ẹnì kan láti jẹ gàba lórí gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn ńlá bá dé, ta ni yóò sọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́?

Ọ̀ràn náà dé. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó wá sí Àgbádárìgì. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe ti Kòsọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi àṣẹ parí àríyànjiyàn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1851, ìbọn dún láàárín ìlú. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, apá tí ó pọ̀ nínú ìlú ti jóná. Ìjà Èkó ni, ṣùgbọ́n ilé Àgbádárìgì ni iná jó. Ní ọdún 1863, ìlú náà bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Irú àìlera yìí ti bá Amẹ́ríkà rí. Láti ọdún 1781, ìpínlẹ̀ 13 wà nínú ìmùlẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àpapọ̀ wọn kò lè bu owó orí. Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gba owó-bodè láti san gbèsè ogun, Rhode Island kọ̀ ní ọdún 1782, ìmọ̀ràn náà sì já sí asán. Ní ọdún 1787, àwọn aṣojú péjọ ní Philadelphia, wọ́n kọ òfin tuntun tí ó fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti gba owó orí, láìgba gbogbo agbára lọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Òmìnira àdúgbò dára. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí olúkúlùkù ń ṣọ́ yàrá tirẹ̀, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn ìta?

Ìbéèrè
1. Èrè wo ni ó wà nínú ètò olórí mẹ́jọ?
2. Kí ni ó fa ìjà ọdún 1851?
3. Ní ọ̀nà wo ni Àgbádárìgì àti Amẹ́ríkà fi jọra?