Àròkọ Alálàyé: Ẹ̀dá Tíntìntín Tí Ó Ń Sọ Omi Di Aláwọ̀ Ewé

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá rí orí-ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì nínú ìdánwò Yorùbá, má ṣe sá fún un. Àròkọ alálàyé ni. Ohun tí olùyẹ̀wò ń fẹ́ ni kí o ṣàlàyé ohun náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò rí i rí yóò fi mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́ to kókó rẹ lẹ́sẹẹsẹ, kí o sì fún kókó kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀.

Ìlapa èrò
(a) Ìfáàrà: ohun tí wọ́n jẹ́
(b) Iṣẹ́ wọn nínú òkun
(d) Irú tí ènìyàn ń jẹ
(e) Ewu wọn
(ẹ) Ìkádìí: ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àpẹẹrẹ àròkọ

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan tí ń gbé inú omi rí. Bakitéríà ni wọ́n. Cyanobacteria ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ojú lásán kì í sábà rí ẹyọ kan nínú wọn. Síbẹ̀, bí ewé igi ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ ara rẹ̀ ni àwọn náà ń ṣe, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn tí à ń mí sínú jáde. Wọ́n wà nínú òkun, ọ̀sà, adágún àti kòtò omi tí kò ṣàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ti inú òkun ni Prochlorococcus. Ó kéré débi pé bí a bá to 1,500 rẹ̀ sórí ìlà kan, ìlà náà kò ní gùn tó mìlímítà 1. Ọdún 1988 ni Sallie Chisholm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó kéde rẹ̀ fún aráyé. Síbẹ̀, ó lè tó 100,000 nínú mìlílítà omi òkun 1, kò sì sí ẹ̀dá mìíràn tí ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ tí ó pọ̀ tó o láyé. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń jẹ ẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ àwọn yẹn, ẹja ńlá sì ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́.

Ènìyàn pàápàá ń jẹ irú kan nínú wọn. Ní orílẹ̀-èdè Chad, àwọn obìnrin Kanembu ń kó o lójú omi nítòsí Adágún Chad. Wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń sá a sóòrùn lórí iyanrìn, wọ́n sì ń gé e tà lọ́jà. Dihé ni orúkọ rẹ̀. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè.

Ṣùgbọ́n tibi-tire ni a dá ilé ayé. Kì í ṣe gbogbo irú wọn ni ó ṣe é jẹ. Bí ajílẹ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ọṣẹ bá ń ṣàn wọ inú omi tí kò ṣàn, oúnjẹ àpọ̀jù ni fún èyí tí a ń pè ní Microcystis. Yóò gbilẹ̀, omi yóò sì rí bí ọbẹ̀ ewédú. Bí ó bá kú tí ó ń jẹrà, ọ́síjìn inú omi yóò tán, ẹja yóò sì kú. Ó tún lè ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè omi kò sì mú un kúrò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, májèlé yìí wọ inú omi ẹ̀rọ ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà. A kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tí ó ju 400,000 lọ pé kí wọ́n má mu ún, kí wọ́n má sì sè é mu.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1993, D. I. Nwankwo ti Yunifásítì Èkó kọ̀wé lórí irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tí ń gbilẹ̀ nínú omi etíkun wa. Odò Yewa sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Àgbádárìgì. Ohun tí ọ̀gbàrá bá gbá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń gbé e lọ. Nítorí náà, kí a má ṣe da ajílẹ̀ sí bèbè odò, kí a má ṣe gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́bàá rẹ̀. Omi tí ó bá ti di aláwọ̀ ewé, kí a má ṣe pọn ọ́n mu, kí a má sì jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn mu ún.

Àkíyèsí

Wò ó bí àròkọ yìí ti sọ ire, tí ó sì sọ ibi. Ẹni tí ó bá kọ àǹfààní nìkan, ìdajì àròkọ ni ó kọ. Má ṣe kọ iye tàbí ọdún tí kò dá ọ lójú. Má sì ṣe há àròkọ yìí sórí. Odò Yewa ni mo mú nítorí pé Owódé ni mo wà. Ìwọ lọ wo omi ìlú tìrẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ lórí “Omi tí à ń mu ní ìlú mi”.